Áyù Rosenda àti Òṣùpá Orí Aṣọ Ìnuwọ́

Ogójì ọdún gbáko ni Eleuterio Millalonco fi kan ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Huitauque, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Don Teyo ni gbogbo erékùṣù ń fi ọ̀wọ̀ pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n okùn ìwọ̀n kì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gé búrẹ́dì, yóò kọ́kọ́ di ojú kan, yóò fi èkejì wò ó bóyá ó gún régé, kí ọ̀bẹ tó kàn án. Àwọn aláwàdà èbúté a máa sọ pé ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí àlùfáà ní kí ó fẹnu ko ìyàwó lẹ́nu, ìka ni ó kọ́kọ́ fi wọn bí imú ti jìnnà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó. Rosenda tí í ṣe ìyàwó náà kò sọ rí pé irọ́ ni.

Ọgbà ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ti Don Teyo. Ti Rosenda ni. Nínú ọdún mẹ́tàlélógójì tí wọ́n ti jọ ń gbé, iṣẹ́ tí ọkọ ń ṣe níbẹ̀ kò ju kí ó tún ọgbà tí ó yí i ká ṣe nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ bá fi imú tì í wó. Ohun tí ó sì lókìkí jù nínú ọgbà náà ni áyù. Odidi kan tó ìkúùkù ọkùnrin, awẹ́ márùn-ún péré ni ó sì máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sanra bí ọmọ àtàǹpàkò. Ìyá ìyá Rosenda ni ó kó irúgbìn rẹ̀ wá sí Huitauque nínú àpò aṣọ ìdáná rẹ̀, ní ọjọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wá sílé ọkọ.

Rosenda kì í ṣe ahun. Ẹni bá tọrọ áyù lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí i gbà. Àmọ́ kì í fún ènìyàn ní odidi. Inú odó ni yóò kọ́kọ́ dà á sí, yóò gún un pọ̀ mọ́ iyọ̀, yóò wá fi abọ́ kékeré gbé e fún ẹni náà tẹ̀rín-tẹ̀rín, nítorí áyù tí a ti gún kì í hù. Ogún ọdún ni aládùúgbò wọn, Uberlinda Barría, ti ń gba áyù gígún. Ogún ọdún ni ó sì ti ń dúpẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín tí kò dé ojú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ewu ti wu áyù náà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, àrùn kan bà lé ewé rẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún. Odidi mọ́kànlá péré ni ó yè. Rosenda di wọ́n bí ẹní di irun, ó so wọ́n kọ́ sókè àdògán, ó sì kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé bí ebi bá fẹ́ pa á kú, kí ó kú.

Ní ìparí oṣù Kẹta, ẹsẹ̀ yọ Rosenda ní ẹnu ilé adìẹ. Egungun ìbàdí kán. Ọkùnrin mẹ́rin yọ ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté, kí ọkọ̀ lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Castro. Gbogbo Huitauque ti péjọ. Àwọn obìnrin ń sunkún. Rosenda nìkan ni kò sunkún. Ó ní iṣẹ́ láti rán.

"Arúgbó," ó pe ọkọ rẹ̀, "tẹtí sí mi dáadáa. Mọ́kànlá ló kù. Tí wọ́n bá kú, ti ìyá ìyá mi ti tán láyé nìyẹn."

"Má sọ̀rọ̀ ikú nínú ọkọ̀, Ìyá arúgbó."

"Áyù ni mò ń wí, mi ò wí ara mi. Oṣù Kẹrin ni kí o gbìn ín, nígbà tí òṣùpá bá ń jó àjórẹ̀yìn. Bó bá pẹ́ títí, kó má kọjá ọdún Jòhánù Mímọ́ ní oṣù Kẹfà."

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó ń jó àjórẹ̀yìn?"

"Gbójú sókè, kí o wò ó!"

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti ń bú. Rosenda gbé orí sókè lórí ilẹ̀kùn náà, ó sì pariwo ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo èbúté gbọ́ yékéyéké: "Má sì béèrè lọ́wọ́ Uberlinda o!"

Uberlinda gbọ́ ọ. Ìdí etí omi níbẹ̀ ni ó dúró sí, tí bàtà Rosenda kan tí ó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Báyìí ni Don Teyo, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ṣe di àgbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ì bá sì ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ òṣùpá náà lẹ́ẹ̀kejì. Ìtìjú ni kò jẹ́. Ọkùnrin tí ó ti ń wo ìjì láti ojú ọ̀run fún ogójì ọdún, báwo ni yóò ṣe sọ pé òun kò mọ òṣùpá tí ń dàgbà yàtọ̀ sí èyí tí ń dín kù? Bẹ́ẹ̀ ni kò sì mọ̀ ọ́n. Atẹ́gùn àti ìkùukùu ni ó ń wò láyé rẹ̀. Òṣùpá kì í ri ọkọ̀.

Aṣọ ìnuwọ́ kan ni ó yọ ọ́ nínú ìṣòro. Ọmọbìnrin wọn, Marisel, tí ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Spain, ni ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Wọ́n ya oṣù méjèèjìlá sí i lára pẹ̀lú ohun tí a ń gbìn ní oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ya bí òṣùpá ṣe yẹ kí ó rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rosenda kò kà á rí. Ó fi í kọ́ sórí irin iwájú àdògán nítorí pé ó lẹ́wà. Nígbà tí Don Teyo wá wo ibi tí wọ́n ya áyù sí, ó rí i pé Oṣù Kẹwàá ni.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀mùgọ̀ ni yóò bọ́ sínú pàkúté yẹn. Ìgbà tí ewé ń wọ́ lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún ní ìhà àríwá ayé ni ìgbà tí ewé ń rú lọ́dọ̀ tiwa ní ìhà gúúsù. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó ka oṣù mẹ́fà síwájú, ó kọ "Oṣù Kẹrin" sórí aṣọ náà, ó sì fa ilà méjì sí i nísàlẹ̀ kí ó lè dá ara rẹ̀ lójú. Lẹ́yìn náà ni ó wo òṣùpá tí wọ́n yà síbẹ̀: tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó yọ ikùn sí ọwọ́ òsì, ìwo rẹ̀ méjèèjì sì kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìyẹn ni òṣùpá tí ń jó àjórẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gé búrẹ́dì láìwọ̀n ọ́n.

Kò wá sí i lọ́kàn pé bí ayé bá lè yí oṣù padà, ó lè yí òṣùpá náà padà.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún, bí ó ti ń jẹ àkàrà ọ̀dùnkún lẹ́bàá fèrèsé, ìkùukùu ya. Òṣùpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ìwọ̀-oòrùn, lókè ibi tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ rì sí. Don Teyo já aṣọ ìnuwọ́ gbà lórí irin, ó sáré bọ́ síta, ó nà án sókè sí ojú ọ̀run. Ikùn sí òsì, ìwo sí ọ̀tún. Wọ́n bára mu bí àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Ní ọjọ́ kejì ó gbin áyù. Kì í ṣe bí àgbẹ̀ ti ń gbìn ín, bí ẹni tí ń fi ìpìlẹ̀ ọkọ̀ lélẹ̀ ni. Ó kan èèkàn, ó ta okùn, ó fi pẹ́ńsùlù ṣe àmì jíjìn ihò sára igi kan. Ó jọ erùpẹ̀ náà, ó tún un jọ̀, títí ó fi rọ̀ bí èlùbọ́. Awẹ́ márùndínlọ́gọ́ta, ìlà márùn-ún, mọ́kànlá nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, orí gbogbo wọn sókè, ìdí sísàlẹ̀. Nígbà tí ó parí, ó fi ọwọ́ bu erùpẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́, ó sì fi ẹ̀yìn ọkọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ kàn án. Ta ni yóò fẹsẹ̀ tẹ pákó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá?

Uberlinda ti fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé ọgbà láti ìgbà pípẹ́.

"Don Teyo, áyù lẹ̀ ń gbìn ni, àbí ẹ̀ ń to egungun ọkọ̀?"

"Ẹ káàárọ̀, doña Linda," ni ó fi ọ̀wọ̀ dáhùn.

"Ó dára púpọ̀. Tí kò bá hù, ẹ ó gbé e sómi. Òṣùpá wo lẹ fi gbìn ín?"

"Èyí tó wà lókè."

"Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ alẹ́ àná yẹn?"

"Òun náà ni."

Uberlinda di ọgbà mú kí ẹ̀rín má bàa gbé e ṣubú. "Èmi ò sọ nǹkan kan o. Gbogbo èbúté ló gbọ́ pé kí ẹ má bi mí. Ẹni tí wọn ò bi kì í dáhùn." Ó sì wọ ilé lọ, tí èjìká rẹ̀ ń mì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, Don Teyo jáde lọ wo ọgbà, ó sì rí i pé awẹ́ mẹ́tàdínlógún ti jáde kúrò nínú ilẹ̀. Kì í ṣe ewé wọn o, àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n dúró lórí erùpẹ̀ bí àwọn ènìyàn tí ó yọjú sí fèrèsé láti wo ìjà. Ẹyẹ àwòdì kékeré kan ti gbé ọ̀kan dání, ó ń fò lọ sí etí omi. Don Teyo fi ìka ti àwọn yòókù padà. Ní ọjọ́ kejì, mẹ́rìnlélógún ni ó jáde. Ó fi àwọ̀n ìpẹja bò wọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú, awẹ́ ọgbọ̀n ni ó gbé àwọ̀n sórí, méjì sì ti rà.

Fóònù dún.

"Arúgbó, báwo ni áyù mi?"

Don Teyo kò purọ́ rí fún Rosenda. Ó wo ojú fèrèsé. "Ó ń jáde," ni ó wí.

"Ó ti ń jáde? Ó mà yá o! Ìyá ìyá mi ń gbọ́ ọ lọ́run."

Lẹ́yìn tí ó gbé fóònù sílẹ̀, ó gbójú sókè wo ibi tí áyù mọ́kànlá ti máa ń kọ́ lókè àdògán. Ìṣó nìkan ni ó kù. Obìnrin kan ti gbé ohun yẹn kọjá òkun nínú àpò aṣọ ìdáná, ọmọ rẹ̀ gbà á, ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbà á, òun Teyo ni yóò wá fi okùn ìwọ̀n pa á. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó dé fìlà, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Uberlinda.

Kò ya Uberlinda lẹ́nu rárá. Omi ewé mate ti wà lórí iná, àga kejì ti wà ní ìdí tábìlì.

"Ẹ jókòó. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń retí yín."

"Doña Linda, mi ò wá béèrè nǹkan kan. Wọ́n ní kí n má béèrè."

"Mo mọ̀. Ẹ kàn wá mu mate ni. Èmi náà á kàn máa bá ológbò mi sọ̀rọ̀." Ó kọjú sí ológbò náà tí ó sùn sórí àpótí igi ìdáná. "Ìwọ ológbò, gbọ́. Òṣùpá tí èèyàn bá rí nígbà oúnjẹ alẹ́, ọmọdé ni, ó ń dàgbà lọ ni. Èyí tó ń kú lọ, àwa tá à ń jí fún màlúù la máa ń rí i kí ilẹ̀ tó mọ́. Òṣùpá tó ń dàgbà máa ń fa gbogbo nǹkan sókè. Ó dáa fún ewébẹ̀. Tí o bá fi gbin áyù, áyù á fẹ́ wá wo òkè."

"Àmọ́ bí wọ́n ṣe yà á gan-an ló rí," ni Don Teyo wí, kò sì mọ ìgbà tí ó fa aṣọ ìnuwọ́ náà yọ láti inú ẹ̀wù rẹ̀.

Uberlinda gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. "Níbo lèyí ti wá?"

"Spain."

"Ológbò," ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "orí ni àwọn èèyàn ọ̀hún fi ń dúró tí a bá fi ojú tiwa wò ó. Òsì wọn lọ̀tún wa. Don Teyo yí oṣù padà, ó gbàgbé òṣùpá. Ó kan ọkọ̀ tán, ó fi iwájú rẹ̀ sẹ́yìn!"

Etí Don Teyo pọ́n. Ó mu mate náà tán. "Èyí tó wà lókè báyìí ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń dín kù. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù fún un. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá, ìparí oṣù nìyẹn, òjò á sì ti bá yín jẹ gbogbo ohun tó wà níta."

"Ṣé ẹ máa ràn mí lọ́wọ́?"

"Ẹ ti béèrè báyìí, àbí ẹ ò tíì béèrè?"

"Mo ti béèrè."

Uberlinda gbé ife kalẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò ní ojú rẹ̀. "Awẹ́ márùn-ún ni mo fẹ́. Tútù. Èyí tí kò tíì fojú kan odó."

Don Teyo wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ó lè pa gbogbo rẹ̀. Bí ó bá gbà, ó ti fọ́ ilẹ̀kùn tí ìyàwó rẹ̀ fi ogún ọdún tì. Ó rò ó bí ó ti ń ro ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Nígbà ìjì, ẹni tí ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo kì í sùn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kejì bá wà ní èbúté ẹlòmíràn lè di ojú díẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ èbúté ọ̀tá.

"Márùn-ún," ni ó wí. "Àmọ́ bí tiwa bá kú, ẹ ó fún Rosenda ní márùn-ún padà. Tútù."

"Mo búra. N kò ní gún un."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Uberlinda dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ koríko òkun tí a fi ń bọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ àti bàtà rọ́bà tí ó gùn dé orúnkún. Wọ́n hú gbogbo awẹ́ náà jẹ́jẹ́ pẹ̀lú gbòǹgbò wọn. Ẹyẹ ti gbé mẹ́ta lọ, méjì ti rà, àádọ́ta ni ó kù. Uberlinda mú márùn-ún tirẹ̀, ó fi aṣọ orí rẹ̀ wé wọn bí ìkókó. Wọ́n tún àwọn tí ó kù gbìn, wọ́n bò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà gun orí ilẹ̀ tí Don Teyo jọ̀ bí èlùbọ́, tí ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ láti ìlà dé ìlà.

"Doña Linda! Ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!"

"Ẹ̀ bá lọ ká okùn yín. Òṣùpá yìí ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ yé wo ẹsẹ̀ mi."

Ìlà márààrún wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Don Teyo yí ojú sí òkun.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ọdún Jòhánù Mímọ́ pé nígbà tí ọkọ̀ gbé Rosenda padà. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó wọlé wá jókòó. Ẹ̀yìnkùlé ni ó gbà lọ tààrà. Ewé áyù ti yọ lókè ilẹ̀, wọ́n ga tó ìka, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Ó fi ọ̀pá ka gbogbo wọn.

"Márùndínláàádọ́ta. Mẹ́wàá dà?"

Don Teyo ti kọ́ ìdáhùn yìí sórí fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. "Ẹyẹ gbé mẹ́ta. Méjì rà. Márùn-ún..." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí òdìkejì ọgbà.

Ní ẹ̀gbẹ́ ilé Uberlinda, ewé márùn-ún wà lórí ìlà kan ṣoṣo, tí ọgbà kékeré tiwọn yí wọn ká bí ẹni pé àjànàkú ni yóò wá jẹ wọ́n. Uberlinda fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń hú koríko tí kò sí.

"Doña Linda."

"Doña Rosenda! Ẹ káàbọ̀ o. Ìbàdí ńkọ́?"

"Ó ń rìn. Áyù ńkọ́?"

"Áyù wo?"

Rosenda fara ti ọgbà, ó wo ewé márùn-ún náà títí. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó tún wo ewé náà.

"Ẹ gbìn wọ́n sún mọ́ra jù," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Tiwa kì í fẹ́ kí wọ́n fún òun mọ́ra. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó tó ìbú ọwọ́ méjì."

Uberlinda, tí kò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí ní Huitauque, tẹrí ba díẹ̀. "Mo gbọ́."

Inú ilé ìdáná ni Don Teyo ti jẹ́wọ́ ìyókù: aṣọ ìnuwọ́, òṣùpá, àwọ̀n ìpẹja, ológbò. Rosenda tẹ́tí sí i. Nígbà tí ó parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi í.

"Nígbà àkọ́kọ́ tí o gbìn ín, ṣé o fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà?"

"Kí n tẹ̀ ẹ́ kẹ̀? Lẹ́yìn tí mo ti tẹ́ ẹ?"

Rosenda bú sẹ́rìn-ín tí ó fi di ìbàdí rẹ̀ mú. "Ìyẹn ló gbé e jáde, Arúgbó! Gbòǹgbò ń ti ilẹ̀, ilẹ̀ rọ̀ jù, ara rẹ̀ ló wá ń tì sókè. Bàtà Uberlinda ló wò ó sàn."

"Òṣùpá wá ńkọ́?"

"Láti ogójì ọdún, òṣùpá oṣù Kẹrin mélòó lo ti rí ní erékùṣù yìí? Òjò nìkan là ń rí."

"Kí ló dé tí o fi rán mi sí i?"

"Ìyá ìyá mi ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n ní òpùrọ́ ni?" Ó nu omijé ẹ̀rín. "Èmi, tí ewé igi ápù tó kẹ́yìn bá ti já, tí orúnkún mi sì ń ta mí, mo ti mọ̀ pé ó tó gbìn."

Don Teyo ronú lé e lórí. Uberlinda ní òṣùpá ni, Rosenda ní gìgísẹ̀ ni, ọjọ́ kan náà ni òun sì lo méjèèjì, nítorí náà kò sí bí òun yóò ṣe wọn èyí tí ó ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó nawọ́ mú aṣọ ìnuwọ́ náà láti jù ú síná.

"Gbé e wá," ni Rosenda wí. Ó wo òṣùpá náà, ó wo pẹ́ńsùlù ọkọ rẹ̀ àti ilà méjì tí ó fà sí i nísàlẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn aṣọ náà síta, ó sì fi í kọ́ padà sórí irin àdògán. Ọ̀dà tí wọ́n fi yà á ti là dé ẹ̀yìn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dojú rú, kò sí ẹni tí ó lè kà á mọ́, ṣùgbọ́n òṣùpá rẹ̀ ti yọ ikùn sí ọwọ́ ọ̀tún, bí ó ti yẹ kí ó rí ní Huitauque.